Ọmọ mi bá wọn rìn ní Budapest, ṣé wọn ò ní mú un?

Ìyá kan láti Oǹdó ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo ti gé e kúrú díẹ̀, mo sì ti yọ orúkọ kúrò:

"Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ń kàwé ní Hungary, ọdún kẹta rèé. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì bá wọn jáde nínú ìwọ́de àwọn gay tí wọ́n ṣe ní Budapest ní June 2025. Òun fúnra ẹ̀ ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wá sọ fún mi pé ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de ìwọ́de yẹn kí wọ́n tó ṣe é, pé kámẹ́rà wà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀. Láti ìgbà yẹn, mi ò rí oorun sùn. Ṣé wọ́n á mú un ni? Kí ló dé tí èèyàn á jáde nígbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má jáde? Tó bá wá délé ní December, tó ní òun fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní Àkúrẹ́ ńkọ́?"

Mọ́mì, ẹ kú àárò ọmọ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń lé oorun lójú yín ká tó bọ́ sórí ìyókù. Lóṣù July, lẹ́yìn ìwọ́de náà, ọlọ́pàá ibẹ̀ fúnra wọn kéde pé àwọn ò ní bá àwọn tó lọ rìn ṣe ẹjọ́. Òótọ́ lọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ o. March 2025 ni ilé aṣòfin Hungary ṣe òfin náà, wọ́n ní torí ààbò àwọn ọmọdé ni, ẹni tó bá lọ síbi ìwọ́de tí wọ́n ti dè, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó 200,000 forint, ìyẹn nǹkan bíi 500 euro, ẹni tó bá ṣètò ẹ̀ sì lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin yẹn náà ló gba ọlọ́pàá láyè kí wọ́n fi kámẹ́rà dá ojú èèyàn mọ̀. Àmọ́ owó ìtanràn lòfin dá fún ẹni tó kàn rìn, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ọlọ́pàá sì ti ní àwọn ò gba owó ọ̀hún. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un ni pé tí lẹ́tà kankan bá wá látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ìjọba ibẹ̀, kó má jù ú sápò kó gbàgbé, kó tètè mú un lọ bá lọ́yà, torí ìwé ìjọba máa ń ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fèsì sí i.

Ohun míì tó ran àwọn tó rìn lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni ọgbọ́n tí méyọ̀ ìlú Budapest ta, Gergely Karácsony lorúkọ ẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá ní àwọn ò gbà kí wọ́n ṣe ìwọ́de, ó ní ó dáa, ìlú Budapest ló máa ṣe ayẹyẹ tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ayẹyẹ tí ìlú bá sì ṣe kò ní kó lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní kò rí bẹ́ẹ̀, òfin ṣì mú un. Ọjọ́ 28 June pé, àfi bí eṣú ni èrò ṣe ya sígboro! Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó jáde tó 100,000 sí 200,000, bẹ́ẹ̀ iye tó máa ń jáde láwọn ọdún tó ti kọjá ò sún mọ́ ìyẹn rárá, afárá Erzsébet tó gba orí odò Danube kún dé ibi pé èèyàn ò rí ọ̀dà títì mọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe gay. Ìyá àti bàbá wà ńbẹ̀, àwọn tó gbé ọmọ pọ̀n wà ńbẹ̀, àwọn arúgbó tó ti mọ bí ìjọba kọ́múníìsì tí àwọn Rọ́ṣíà ń tì lẹ́yìn ṣe rí lára wà ńbẹ̀, ohun tó bí wọn nínú ni pé ìjọba Viktor Orbán, tó jẹ́ olórí ìjọba Hungary nígbà yẹn, fẹ́ máa yan ẹni tó lè rìn nígboro fún wọn. Torí náà, Mọ́mì, ìbéèrè tẹ́ ẹ ò kọ sínú lẹ́tà yín àmọ́ tí mo ń gbọ́ lábẹ́ ẹ̀, pé ṣé ọmọ mi ti di gay ni, fídíò yẹn ò lè dá yín lóhùn. Òun nìkan ló lè sọ ọ́, lọ́jọ́ tó bá wù ú, tó bá sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn yín ò ní tì mọ́ òun.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ fara balẹ̀ lé lórí, torí pé òun ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Kí ló ń gbé èèyàn jáde nígbà tí ìjọba ti ní kó jókòó sílé?

Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Johannesburg, lọ́jọ́ 13 October 1990. Ọdún yẹn náà ni Mandela ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ṣì wà lórí àlééfà, òfin tó ń fi ọkùnrin sẹ́wọ̀n torí pé ó bá ọkùnrin lò pọ̀ ṣì wà digbí. Simon Nkoli, ọmọ Soweto, tí wọ́n ti gbé lọ sí kóòtù tẹ́lẹ̀ torí ìjà òmìnira àwọn aláwọ̀ dúdú, nínú ẹjọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Delmas, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló pe ìwọ́de ọjọ́ yẹn, kò sì tíì sí irú ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nǹkan bíi 800 èèyàn ló jáde. Àmọ́ àwọn kan fẹ́ jáde tí wọn ò lè jáde, torí tí ọ̀gá níbi iṣẹ́ bá rí fọ́tò wọn nínú ìwé ìròyìn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, tí bàbá bá rí i, ilé ti bọ́. Báàgì tí wọ́n fi bébà ṣe ni àwọn yẹn gbé wọ orí, wọ́n lu ihò méjì sí i níwájú fún ojú, wọ́n wá ń bá èrò rìn láàrin títì.

Mo ti wo fọ́tò àwọn tó dé báàgì yẹn, mo wò ó mo tún wò ó. Ẹni yẹn fẹ́ kí wọ́n rí òun, ó tún ń bẹ̀rù kí wọ́n rí òun, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti fi ìpamọ́ jẹ ẹ́ níyà tó, kò ní jáde rárá. Ohun tí ìjọba ń sọ fún un ni pé o lè máa bẹ láyé o, a kàn ò gbọ́dọ̀ rí ẹ. Ta ni wọ́n á sọ irú ẹ̀ fún tí kò ní dùn wọra? Òun ló sì fà á tó fi jẹ́ pé títì ni wọ́n máa ń jáde sí, tí kì í ṣe inú gbọ̀ngàn, torí inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń fara pamọ́ látọjọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìwọ́de báàgì yẹn, ní 1996, South Africa ṣe konsitítúṣọ̀n tuntun tó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ìjọba ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ èèyàn torí ẹni tó ń fẹ́. Ìwọ́de nìkan kọ́ ló ṣe é, àwọn tó ń jókòó ìpàdé pẹ̀lú àwọn olóṣèlú ṣe tiwọn, àmọ́ wọn ì bá má rí wọn bá jókòó ká ní gbogbo wọn wà nínú ilé.

Àwa ará Oǹdó gan-an ò yẹ ká bèèrè pé kí ló dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà, ẹ ò ní gbàgbé Pa Adékúnlé Ajáṣin, tó ti ṣe gómìnà wa. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé June 12, ìjọba Abacha ní àwọn ò fẹ́ ìpàdé òṣèlú mọ́, Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún pe èèyàn jọ sílé ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1995, ọlọ́pàá wá kó wọn, wọ́n ní ìpàdé tí òfin ò gbà ni. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ sọ pé ṣebí ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣèpàdé, kí ló ti Bàbá dé ibẹ̀. A mọ̀ nígbà yẹn pé òfin kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ṣe é kí wọ́n lè fi pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú pé mo fi Bàbá wé àwọn gay. Mi ò fi wọ́n wéra. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n jọ ní ni mò ń sọ, ẹ̀tọ́ kí èèyàn kóra jọ kó sọ tẹnu ẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn ò sì bèèrè bóyá a fẹ́ràn ẹni tó ń lò ó.

Ẹ tún jẹ́ ká wo bí àwọn ìjọba ṣe máa ń fòfin dè é, torí ibẹ̀ gan-an ni kóòtù ti máa ń bá wọn. Wọn kì í sábà jẹ́wọ́ pé ìkórìíra ni, àwáwí ni wọ́n máa ń wá. Ní Warsaw, olú ìlú Poland, ní 2005, àwọn tó fẹ́ ṣe ìwọ́de kọ̀wé sí ọ́fíìsì méyọ̀, èsì tó padà wá ni pé wọn ò mú ìwé ètò mọ́tò wá, bí wọ́n ṣe máa darí mọ́tò lójú títì. Ẹ gbọ́ ná. Méyọ̀ yẹn, Lech Kaczyński, tó padà di ààrẹ Poland lọ́dún yẹn náà, ti sọ fún ìwé ìròyìn kó tó dìgbà yẹn pé òun máa dè é, ohun yòówù kí wọ́n mú wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rìn, ọ́fíìsì ẹ̀ tún fún àwọn tó kórìíra wọn láyè láti ṣe ìpéjọ tiwọn nínú ìlú. Wọ́n rìn ṣá, lọ́jọ́ 11 June 2005, ọlọ́pàá sì dáàbò bò wọ́n. Wọ́n wá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó wà ní Strasbourg, nígbà tó di 3 May 2007 kóòtù ní ìjọba Poland jẹ̀bi, wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ìkórajọ wọn lójú, wọ́n sì ya wọ́n sọ́tọ̀ fìyà jẹ. Bączkowski ni wọ́n ń pe ẹjọ́ yẹn. Ohun tó wú mi lórí jù ńbẹ̀ ni pé wọ́n ti rìn tán o, kò sẹ́ni tó mú wọn, síbẹ̀ kóòtù ní kí èèyàn máa rìn tòun ti ìbẹ̀rù pé òun ò ní àṣẹ, ìyà nìyẹn náà.

Ti Moscow le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Méyọ̀ ibẹ̀, Yury Luzhkov, pe ìwọ́de gay ní iṣẹ́ Èṣù, ìyẹn Sátánì o, ní gbangba. Nikolai Alekseyev, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn gay ní Rọ́ṣíà, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé, wọ́n ní rárá, wọ́n tún kọ̀wé fún ọjọ́ míì, rárá, àdúgbò míì, rárá, láàrin 2006 sí 2008 ìwọ́de àti ìpéjọ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ rárá lù tó 164. Ohun tí ìjọba ń sọ ni pé tí wọ́n bá jáde, àwọn tó kórìíra wọn á ṣe wọ́n léṣe, ìlú á dàrú. Lọ́jọ́ 21 October 2010 kóòtù Strasbourg dá Alekseyev láre. Ìdí tí wọ́n fi dá a láre ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání, torí ohun kan náà ni mò ń sọ fún ọlọ́pàá lórí káńtà ńbí láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe lọ́yà. Ká ní ìjọ kan ní Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ ńbí fẹ́ rìn yí ká àdúgbò lọ́jọ́ Palm Sunday, tí àwọn ọmọ ìta wá ní àwọn máa sọ òkúta lù wọ́n tí wọ́n bá jáde, kí lẹ fẹ́ kí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ṣe? Ṣé kó sọ fún pásítọ̀ pé kó kó ìjọ ẹ̀ padà sílé, àbí kó rán ọlọ́pàá sáwọn tó di òkúta mọ́wọ́? Gbogbo wa la mọ ìdáhùn. Ẹni tó halẹ̀ lọ́lọ́pàá ń mú, kì í ṣe ẹni tí wọ́n halẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ti lè halẹ̀ jù ló ń pinnu ẹni tó máa rìn, kò sí ẹgbẹ́ kan, ìjọ kan tàbí mọ́ṣáláṣí kan tó máa lè jáde tó bá yá.

Belgrade ní Serbia ni wọ́n ti rí i pé ọlọ́pàá lè ṣe é tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é. Ní 2001 tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ọlọ́pàá díẹ̀ ló wà ńbẹ̀, àwọn jàǹdùkú lu àwọn tó rìn bí ẹni lu bàrà. Ní 2009, ìjọba ní àwọn ò lè dáàbò bò wọ́n láàrin ìlú, kò ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ 10 October 2010, nǹkan bíi 1,000 èèyàn rìn, ọlọ́pàá tó wà láyìíká wọn tó 5,000, nǹkan bíi 6,000 jàǹdùkú wá ń ju òkúta àti bọ́ǹbù ìgò lóde, àwọn tó fara pa lé ní 100, ọlọ́pàá ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba tún dè é ní 2011, 2012, 2013. Ní 2014 wọ́n rìn, kò sí wàhálà tó tó nǹkan. Nígbà tó máa fi di 2017, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, Ana Brnabić, ló di olórí ìjọba Serbia, síbẹ̀ ní 2022 ìjọba òun náà tún ní àwọn de EuroPride, ìwọ́de gay ti gbogbo Yúróòpù, tí wọ́n padà rìn lójú ọ̀nà kúkúrú nínú òjò. Èèyàn wọn lórí àga kọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Mi ò ní tàn yín o Mọ́mì, kì í ṣe ibi gbogbo ló ń dáa tó bá yá. Àwọn Moscow tó jàre ní kóòtù, ṣe ni kóòtù ìlú wọn tún ní 2012 fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má ṣe ìwọ́de fún ọgọ́rùn-ún ọdún, lóṣù November 2023 ni kóòtù tó ga jù ní Rọ́ṣíà wá sọ gbogbo ẹgbẹ́ LGBT, ìyẹn àwọn gay àtàwọn bíi tiwọn, di alákatakítí, ẹni tó bá gbé àsíá òṣùmàrè tó jẹ́ àmì wọn lásán lè lọ sẹ́wọ̀n. Ní Istanbul ní Turkey, ọdún 2003 ni nǹkan bíi ọgbọ̀n èèyàn kọ́kọ́ rìn, nígbà tó di 2013 ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ló kún òpópónà İstiklal, láti 2015 gómìnà ti ní kò sí mọ́, tó bá ti di ọjọ́ yẹn wọ́n á ti ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà ní Taksim pa, wọ́n á fi tajútajú àti ọta rọ́bà lé wọn. Ní 2022, àwọn tí wọ́n kó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 370. Wọ́n ṣì ń jáde o. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń jáde, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wọ́n á ka ìwé tí wọ́n kọ lójú ọ̀nà kékeré kan, kí ọlọ́pàá tó dé wọ́n ti tú ká. Uganda náà, wọ́n ṣe tiwọn ní Entebbe ní 2012, létí adágún Victoria, ní August 2016 ọlọ́pàá já wọ inú kíláàbù kan ní Kampala níbi tí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, wọ́n sì fòró ẹ̀mí wọn. Òfin 2023 ti Uganda wá le débi pé ikú wà nínú ẹ̀.

Ó wá ku tiwa. Òfin tó de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014, àwọn èèyàn rò pé ìgbéyàwó nìkan ló ń bá wí. Ẹ lọ ka abala kẹrin. Ọ̀rọ̀ ìwọ́de wà ńbẹ̀ gan-an, kíláàbù, ẹgbẹ́, ìpàdé, ìwọ́de, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n dè. Ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ìwọ́de wọn lẹ́yìn, kódà tí òun fúnra ẹ̀ kì í bá ṣe gay, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Budapest ní 500 euro, tiwa ní ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọ yín fẹsẹ̀ rìn ṣe lórí afárá níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó bá ṣe é ní Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, ọ̀ràn ńlá ni.

Mo gbà pé òfin yẹn ò dáa, mi ò ní fi bò. Konsitítúṣọ̀n wa, abala ogójì, fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ. Ní 2003 nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ti Buhari fẹ́ ṣe ìwọ́de, tí ọlọ́pàá ní wọn ò gba pámíìtì, tí wọ́n tú wọn ká ní Kano, ẹjọ́ yẹn dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní 2007 wọ́n dájọ́ pé a ò nílò pámíìtì ọlọ́pàá ká tó wọ́de ní Nàìjíríà. Òfin ọlọ́pàá tuntun ti 2020 náà sọ pé tí wọ́n bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé ìwọ́de máa wà, iṣẹ́ wọn ni láti kó èèyàn wá dáàbò bo àwọn tó ń wọ́de. Ohun tí Strasbourg sọ la ti sọ fúnra wa. Àfi tó bá wá kan àwọn gay ni òfin kan á jáde láti ẹ̀gbẹ́ tó máa ní ẹ̀yin kọ́. Àwọn tó sì ń sọ pé àṣà wa lòfin yìí ń gbè lẹ́yìn, ẹ lọ wo abala 214 nínú òfin ọ̀daràn, èyí tó dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀, ayé Lugard ni wọ́n gbé e wá síbí ní 1916, àwòkọ ni látinú òfin Queensland ní Ọsirélíà. Kò sí ọba tàbí ìjòyè kan tó jókòó ṣe é ní Àkúrẹ́.

Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ti ń jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà EndSARS ní 2020, àwọn kan gbé àsíá òṣùmàrè dání ní Abuja, àwọn tí wọ́n jọ ń pariwo pé kí ọlọ́pàá má pa wá mọ́ ló tún yí padà tó ń pariwo lé wọn lórí. Ní 2022 tí àwọn aṣòfin kan fẹ́ fi kún òfin náà pé ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ múra bí obìnrin, ìwọ̀nba ọ̀dọ́ tún jáde ní Abuja. Wọn ò pọ̀ rárá. Mo mọ iye tó máa ná èèyàn láti dúró síbẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n torí pé mo ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kódà tí èèyàn ò bá wọ́de. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n pè mí sí tẹ́ṣọ̀n kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọmọkùnrin márùn-ún ló wà lẹ́yìn káńtà, wọ́n ti bọ́ bàtà wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá ọ̀kan nínú wọn, ọ̀kan jó mọ́ èkejì, aládùúgbò yọjú láti fèrèsé, ó pe ọlọ́pàá. Kéèkì ọjọ́ ìbí yẹn wà lórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹnì kan ti fi ọwọ́ pa orúkọ tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, èèrà ti ń gun un. Fóònù márààrún wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kan, ó ń ṣí fọ́tò wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi han àwọn yòókù. Mo bi í pé ọ̀ràn wo ni wọ́n dá. Ó ní ẹ wò wọ́n, lọ́yà, ṣé ẹ ò rí wọn ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn ẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, owó tí àwọn òbí wọn san kí ilẹ̀ tó mọ́ ju owó ilé-ìwé sáà kan lọ. Kò dé kóòtù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ò padà sí yunifásítì mọ́, torí fọ́tò tó wà nínú fóònù ẹ̀ ti dé ọwọ́ bàbá ẹ̀ kí òun tó délé.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ẹgbẹ́dá l'Ékòó ní August 2018 wọ́n kó ọkùnrin 57 níbi pátì kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé 47 lọ sí kóòtù, ó tó ọdún méjì kí adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù ní October 2020, nígbà tí ìjọba ò rí ẹlẹ́rìí mú wá. Ìjọba ò rí wọn dá lẹ́bi, àmọ́ ọlọ́pàá ti kó wọn síwájú kámẹ́rà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gbogbo ayé ti rí ojú wọn. Wọ́n fi ojú wọn hàn nígbà tí wọn ò fẹ́. Òdì kejì báàgì bébà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ó sì jọ pé ọwọ́ ẹni tó ń pinnu ìgbà tí wọ́n á rí wa ni gbogbo ìjà yìí wà.

Ní ti December, ìmọ̀ràn tèmi rèé, gẹ́gẹ́ bí lọ́yà àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lọ́mọ. Ẹ má jẹ́ kó dán an wò ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe pé ó burú, bí kò ṣe pé nílùú yìí lónìí, òun nìkan ló máa dúró síbẹ̀, kò sí méyọ̀ kankan tó máa ní ayẹyẹ ìlú ni, kò sì sí Strasbourg tó máa gbé e lọ. Tó bá fẹ́ jà á, ọ̀nà kóòtù wà, àwọn tó ń ṣe é wà, kó wá bá mi. Fídíò yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú WhatsApp yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí o, ẹ sọ fún àbúrò yín náà kó yọ tiẹ̀, torí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí mo ti bá wọn yanjú ti bẹ̀rẹ̀. Kó fi fọ́tò Budapest sílẹ̀ síbẹ̀ kó tó wọ bàálù. Tí ọlọ́pàá bá dá a dúró lọ́nà, tí wọ́n ní kó ṣí fóònù, kó má bá wọn jà, kó ṣáà sọ pé òun fẹ́ rí lọ́yà òun kóun tó sọ̀rọ̀, abala 35 nínú konsitítúṣọ̀n ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ yẹn. Tí wọ́n bá tì í mọ́lé, abala yẹn náà ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan níbi tí kóòtù bá wà nítòsí, kóòtù sì pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹnikẹ́ni ò lè ní òun ò rí èyí tó sún mọ́ òun.

Tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọjọ́ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá fún yín ní nọ́ńbà mi. Ẹ ní kó kọ ọ́ sórí bébà kó fi sápò ṣòkòtò o, kó má jẹ́ inú fóònù nìkan, torí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà.